Ótibẹ̀rẹ̀, Ọkùnrin Tí Kì Í Dúró De Ẹnikẹ́ni

Ohun tí gbogbo ènìyàn fi mọ Ótibẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òun àti olórin ńlá kan. Olórin yìí ló háyà yàrá ìgbohùnsílẹ̀ bàbá náà fún òwúrọ̀ ọjọ́ kan, aago mẹ́sàn-án sì ni wọ́n jọ fẹnu kò sí. Nígbà tí olórin yóò fi yọ, oòrùn ti kan àtàrí. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tò tẹ̀ lé e: àwọn tó ń bá a gbé báàgì, àwọn tó ń bá a gbé omi, àti ọ̀kan tí kò gbé nǹkan kan àfi ẹnu tó fi ń yìn ín. Bàbá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu ọwọ́ bí ẹni tó jẹun yó.

"Ẹ káàsán, Ọ̀gá," ni olórin wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ má bínú sí wa. Ṣé ká bẹ̀rẹ̀?"

"Ó ti bẹ̀rẹ̀," ni bàbá dá a lóhùn. "Ó tilẹ̀ ti parí." Ó na téèpù kan sí i. Ó ti dì í dáadáa, ó sì ti kọ orúkọ olórin sí i lára pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà. "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Olórin rò pé àwàdà ni. Wọ́n gbé téèpù sórí ẹ̀rọ. Wọ́n gbọ́ àga tó ṣófo. Wọ́n gbọ́ bí eṣinṣin kan ṣe kọjá. Wọ́n gbọ́ bí bàbá ṣe wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, tó sì bẹ àga náà pé kó má bínú. Wọ́n gbọ́ ìgbálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn bàbá jáde ketekete: "Orin kejì." Eṣinṣin náà tún kọjá.

Olórin wo ilẹ̀. Ẹni tó ń yìn ín, tí kò fetí sí nǹkan kan látàárọ̀, pàtẹ́wọ́ ó ní, "Ọ̀gá mi, èyí á tà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ!"

Ìbínú ni olórin bá lọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun nìkan ló dá wá, ó gbé báàgì rẹ̀ fúnra rẹ̀, aago sì ń lu mẹ́sàn-án bó ṣe ń wọlé. Orin tó kọ lọ́jọ́ náà ni àwọn ènìyàn ń kọ nílé ìwẹ̀ títí di òní. Láti ìgbà náà ni orúkọ tí ìyá tó bí bàbá sọ ọ́ ti di ìgbàgbé, tó di Ótibẹ̀rẹ̀ lẹ́nu tọmọdé tàgbà.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù láyé ni Òǹkọ̀wé, tí wọ́n jọ ṣòwò pọ̀. Òǹkọ̀wé ní iṣẹ́ oṣù tẹ́lẹ̀ ní ilé iṣẹ́ omi, ó ń kọ orúkọ àwọn tí páìpù wọn bẹ́. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nítorí pé ìtàn kún inú rẹ̀ bámúbámú. Bàbá ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ó káwọ́ lérí. "Ṣé ìtàn ni ọmọ mi á máa sè sínú ìkòkò?" Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ó gbọ́ pé Ótibẹ̀rẹ̀ ń wá ẹni tó lè kọ eré orí rédíò, ó ní òun ò ní jẹ́ kí àǹfààní yìí bọ́. Bàbá ní kó wá laago mẹ́wàá. Ó dé laago mẹ́sàn-án.

Ó kanlẹ̀kùn. Fèrèsé là díẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, sà. Òǹkọ̀wé. Mo ní kí n tètè dé."

"Aago mélòó ni mo pè ọ́?"

"Mẹ́wàá, sà."

"Ẹni tó ń bọ̀ laago mẹ́wàá ni mò ń retí. N kò mọ ẹni tó dé yìí." Fèrèsé padé.

Bí ẹni pé wọ́n ránṣẹ́ sí òjò, ó dé. Òǹkọ̀wé kò lè lọ, kò sì ríbi sá sí. Ó fi ara mọ́ ògiri bí aláǹgbá títí omi fi wọ̀ ọ́ dé egungun. Aago lu mẹ́wàá, ilẹ̀kùn ṣí gbayawu, bàbá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, ó mú táwẹ̀lì dání.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Wọlé. Ẹni tó pẹ́ ń jẹ lára àkókò mi, ẹni tó yá jù náà ń jẹ níbẹ̀. Eyín wọn ló yàtọ̀."

Òǹkọ̀wé fẹ́ bínú. Ó gbé táwẹ̀lì bojú, ó sì rí i pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni bàbá ti ká a sórí ẹ̀rọ tó gbóná, kó lè yá fún ara ẹni tí kò mọ̀.

Yàrá iṣẹ́ náà ti jẹ́ ilé ìyan búrẹ́dì rí, ògiri rẹ̀ nípọn bí odi. Bàbá ti lẹ páálí ẹyin mọ́ ọn látòkè délẹ̀, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ilẹ̀kùn, ó sì so gílóòbù pupa kan sókè ẹnu ọ̀nà. Bí iná pupa bá ti tàn, ìgbohùnsílẹ̀ ń lọ lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé, ì báà jẹ́ onílé ló fẹ́ gba owó. Àwọn tó wà ní yàrá ìdúró lè máa gbọ́ ohun tó ń lọ nínú ẹ̀rọ kékeré kan tó gbé sórí tábìlì níbẹ̀.

Àdéhùn wọn kò gba ìdajì ojú ìwé. Òǹkọ̀wé á mú ìtàn wá, bàbá á mú ẹ̀rọ àti yàrá wá, èrè á pín sí méjì ọgbọọgba. Àwọn òṣèré méjì ló ń bá wọn sọ ọ̀rọ̀ inú eré: onígbàjámọ̀ kan tó lè ṣe ohùn ọkùnrin mẹ́fà láìmikan, àti tíṣà obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ lè mú kí àpáta sunkún. Onígbàjámọ̀ ní ẹ̀bùn, ṣùgbọ́n ó tún ní àrùn "mo ti wà lójú ọ̀nà." Ohun tó gbàgbé ni pé ẹni tó fi etí ṣe iṣẹ́ jẹun ló ń parọ́ fún.

Bàbá á pè é lórí fóònù. "Ibo lo wà?"

"Ọ̀gá, mo ti wọ mọ́tò. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé."

Bàbá á fetí sílẹ̀. "Mọ́tò wo ló ń fá irun?"

Ọwọ́ pálábá onígbàjámọ̀ á ségi. Á ní oníbàárà kan ṣoṣo ló kù. Bàbá á ní, "Méjì ni. Èkejì ń wúkọ́ lẹ́yìn rẹ. Bá mi kí i kú ara àìle." Níkẹyìn, onígbàjámọ̀ kọ́ bí a ti ń sọ òótọ́, kì í ṣe nítorí ìwà mímọ́ o, ó rí i pé irọ́ ń ná òun ní agbára ju kí òun tètè múra lọ.

Bí bàbá ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lásìkò ló ṣe ń parí lásìkò, àwọn ènìyàn kì í sábà rántí apá yìí. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ilé iṣẹ́ rédíò, ẹni tó ń ra eré wọn, wá wò wọ́n níbi iṣẹ́. Ó dìde, ó ń yìn wọ́n lójú wọn. Ó ní, "Ohun tó jọ mí lójú jù lọ nínú iṣẹ́ ẹ̀yin wọ̀nyí ni..." Bàbá pa iná.

"Àsìkò ti tó," ni ó wí nínú òkùnkùn. "Tíṣà ní ọmọ nílé."

Títí ọ̀gá rédíò fi fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó jọ ọ́ lójú.

Eré tó sọ wọ́n di olókìkí ni ti obìnrin atukọ̀ kan tí ọkọ rẹ̀ sọnù sójú omi. Ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń tukọ̀ lọ sí èbúté tuntun, ó ń wá ọkọ, ó sì ń bá àwọn ènìyàn kó ẹrù sọdá. Àwọn tó ń gbọ́ kò lóǹkà. Nígbà tó ku apá ìkẹyìn, ọ̀gá rédíò pe àwọn méjèèjì.

"Ẹ wò ó, àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ gba àsìkò yín, wọ́n fẹ́ máa sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Bí apá ìkẹyìn yìí bá wà lórí tábìlì mi lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, ẹ̀yin lẹ tún ni ọdún tó ń bọ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ máa gbọ́ bọ́ọ̀lù."

Òǹkọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó ní kò séwu. Ewu wà. Kò mọ bí ìtàn yóò ṣe parí. Bí atukọ̀ bá bá òkú ọkọ, gbogbo ìlú á ṣọ̀fọ̀. Bó bá bá a láàyè, kí ló ń ṣe níbẹ̀ látọjọ́ yìí tí kò fi wálé? Ó kọ, ó ya. Ó kọ, ó ya. Ìyàwó rẹ̀ ń gbálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá ìyàwó yà kí wọn, ó rí òkìtì bébà, ó ní, "Ó dáa náà. Ó kéré tán, ẹ ó rí nǹkan dá iná." Òǹkọ̀wé mọ̀ pé bí eré yìí bá bọ́, ilé iṣẹ́ omi ni òun ń padà sí, bí wọ́n bá tún lè gbà á. Dípò kó sáré lọ bá Ótibẹ̀rẹ̀, ojú ń tì í, ẹ̀rù ń bà á, ó pa fóònù, ó sì pa ẹnu mọ́.

Jímọ̀ pé. Ó gun àtẹ̀gùn yàrá iṣẹ́ lọ́wọ́ òfo, ó pẹ́. Bó ṣe wọ yàrá ìdúró báyìí ni ilẹ̀kùn inú padé, iná pupa sì tàn. Ó jókòó. Ó ní ó ti parí fún òun. Ẹ̀rọ kékeré orí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohùn bàbá ló jáde.

Ẹ gbọ́ o, bàbá ní ẹ̀bùn púpọ̀, ṣùgbọ́n ìtàn sísọ kò sí níbẹ̀. Bó bá pàlọ́ fún ọmọdé, ọmọ á fúnra rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun lọ sùn.

"Apá ìkẹyìn," ni bàbá wí. "Obìnrin atukọ̀ wọ inú ọkọ̀. Òtútù mú un. Ó kú."

Onígbàjámọ̀ ní, "Ó tán?"

"Mo ti kú," ni tíṣà wí. "Ṣé kí n máa lọ sílé ni?"

"Ó ku ajá rẹ̀," ni bàbá wí.

"Ajá wo? Kò lájá!"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni. Ajá náà wá lọ wá ọkọ yẹn. Ìwọ ni ajá. Gbó."

"Ọ̀gá, mo ní ìyàwó, mo lọ́mọ o. Mi ò lè máa gbó lórí rédíò."

"Mo ní kí o gbó."

Onígbàjámọ̀ gbó. Kò gbó kíkankíkan. Ó gbó bí ajá tí wọ́n jí lójú oorun.

"Ajá náà wá la ẹnu," ni bàbá ń bá a lọ, "ó sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Ó ní ìṣòro ayé yìí kò ju pé..."

Òǹkọ̀wé kò gbọ́ èyí tó kù. Òun tó bí obìnrin yẹn, tó tọ́ ọ dàgbà, tó mọ bó ṣe ń di gèlè rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá le! Ó gbàgbé iná pupa. Ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn lu ògiri gbàmù.

"Kò kú!"

Bàbá kò yíjú padà. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ. "Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí i?" ni ó béèrè wọ́ọ́rọ́wọ́.

Òǹkọ̀wé la ẹnu, kò tíì mọ̀. Ó wo yàrá. Onígbàjámọ̀ ṣì so aṣọ iṣẹ́ mọ́ra, irun àwọn oníbàárà wà léjìká rẹ̀. Ó ti ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá síbí. Tíṣà gbé ìwé àwọn ọmọ iléèwé sórí itan, ó ń máàkì wọn ní ìdákọ́ńkọ́ kó má bàa fi àkókò ṣòfò. Gbogbo wọn ń wo ẹnu rẹ̀. Ìtàn náà sì dé bí omi tí wọ́n ṣí ẹnu rẹ̀.

"Ó dé èbúté tó jìnnà jù lọ," ni ó wí, ó ti bọ́ sídìí máìkì. "Kò rí ọkọ rẹ̀. Ẹni kankan kò gbọ́ nǹkan nípa rẹ̀ rí. Ó jókòó sórí òkúta, ó sunkún tán. Nígbà tó gbójú sókè, ó rántí àwọn èrò tó ń dúró dè é ní èbúté ilé pẹ̀lú ẹrù wọn lórí. Ó dìde, ó yí ọkọ̀ padà."

Tíṣà ti ju ìwé sílẹ̀, ó ti di atukọ̀. Ó bá àwọn èrò sọ̀rọ̀, ó bá omi sọ̀rọ̀, ó dágbére fún ọkọ tí kò rí. Onígbàjámọ̀ di àwọn èrò, ó di afẹ́fẹ́, ó di ọmọdé kan tó kọ́kọ́ rí ọkọ̀ náà lókèèrè tó sì ké pé, "Ó ń bọ̀!" Nígbà tí wọ́n parí, ojú gbogbo wọn rin, àfi bàbá tó ní gbogbo ìgbà ni ojú òun máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Wọ́n dá téèpù padà kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Ohun tó kọ́kọ́ jáde ni ilẹ̀kùn, gbàmù, àti ohùn Òǹkọ̀wé: "Kò kú!"

Ó yà á lẹ́nu. "Ọ̀gá, ti ajá yẹn ńkọ́?"

"Ajá wo?" Bàbá ń ká wáyà rẹ̀. "N kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Iná nìkan ni mo tàn. Bàtà rẹ ọ̀tún máa ń ké, mo ti gbọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn."

Ọkùnrin tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni ti dúró. Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ pariwo: "Ọ̀gá! Ṣé lásán ni mo gbó?"

Wọ́n gbé téèpù dé tábìlì ọ̀gá rédíò bí ó ṣe ń mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ láti máa lọ. Ṣùgbọ́n kí Òǹkọ̀wé tó kúrò ní yàrá yẹn, bàbá ti fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìtàn lè há mọ́ ènìyàn lọ́fun, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá ti ránṣẹ́ pé, 'Ọ̀gá, ó há,' à bá jọ fà á yọ. Ìdákẹ́ tí o dákẹ́ ló burú. Àkókò tí mò ń sọ látọjọ́ yìí, ṣé o rò pé aago ni? Àwọn méjì tó jókòó síbẹ̀ yẹn ni. Lọ bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo lè dúró dè ọ́, o sì ti lò ó."

Òǹkọ̀wé lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Onígbàjámọ̀ ní òun ti dárí jì í, bí kò bá ṣáà ti sọ ti ajá fún ẹnikẹ́ni. Tíṣà ní òun náà ti dárí jì í, ó sì gbé ìdajì àwọn ìwé náà lé e lọ́wọ́. "Ìṣirò ni. Máàkì wọn dáadáa."

Nígbà tí eré náà jáde, bàbá ìyàwó Òǹkọ̀wé gbọ́ ọ nínú yàrá tirẹ̀. Ìyàwó Òǹkọ̀wé wọlé lọ bá a, omi ń dà lójú bàbá rẹ̀. Ó ní rédíò yẹn ló ń rú èéfín. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lọ wá ibòmíràn, ilé iṣẹ́ omi sì rí ẹlòmíràn tó ń kọ orúkọ páìpù.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni Òǹkọ̀wé àti Ótibẹ̀rẹ̀ fi jọ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, wọn kò sì jìyàn nípa aago mọ́. Nípa ohun gbogbo yòókù, wọ́n jìyàn. Nígbà tí eékún bàbá kò gbé e mọ́, ó kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ ní ẹ̀rọ, obìnrin náà ló wà nídìí rẹ̀ báyìí. Etí bàbá rẹ̀ ló ní, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí bàbá ti lọ. Iṣẹ́ ń lọ. Bí àwọn òṣèré tuntun bá dé, wọ́n á ní kí Òǹkọ̀wé sọ ti eṣinṣin, kó sọ ti ajá, onígbàjámọ̀ tó ti hewú á sì máa bẹ̀ ẹ́ pé kó fo ti ajá.

Ṣùgbọ́n èyí tí Òǹkọ̀wé fẹ́ràn jù kì í sábà sọ ọ́. Ó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ní ọ̀sẹ̀ tí bàbá lò kẹ́yìn. Wákàtí ìbẹ̀wò ibẹ̀ kò gùn. Ojoojúmọ́ ni Òǹkọ̀wé ń wọlé bí wọ́n ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn, ojoojúmọ́ ló sì ń dìde bí aago bá ti dún. Lọ́jọ́ náà, ó ń sọ ìtàn tuntun kan fún bàbá, ti obìnrin aránṣọ kan tí ẹnìkan gbé aṣọ ìgbéyàwó wá fún láìsọ orúkọ. Ó dé ibi tí obìnrin náà ti rí nǹkan nínú àpò aṣọ. Aago dún. Òǹkọ̀wé mú fìlà rẹ̀.

Bàbá di apá aṣọ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà kò lágbára mọ́, ṣùgbọ́n ó mú un.

"Jókòó."

"Ọ̀gá, aago ti dún."

"Mo gbọ́. Mi ò tíì di adití. Jẹ́ kó dún."

Òǹkọ̀wé jókòó. Ó ń bá ìtàn lọ. Nọ́ọ̀sì wọlé láti lé e jáde, ó di ilẹ̀kùn mú, ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ó wá gbọ́ ohun tó wà nínú àpò aṣọ náà. Ó fara ti férémù ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí bàbá tó ṣí ojú kan, tó rí i.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀wọ́, àwọn aláìsàn yín ń dúró," ni ó wí. Ó sì tún dijú, kò jọ̀wọ́ apá aṣọ tó dì mú. "Ìwọ, máa bá a lọ, ọmọ mi. Má kánjú."